Tábìlì Màmá Mi

Lọ́dún 2023, tábìlì oúnjẹ wa ní GRA Ìkẹjà di ọ́fíìsì. Màmá mi, tí wọ́n ń kọ́ni ní ìtàn ní yunifásítì kan, ń tún ìwé ẹ̀kọ́ wọn tò. Àjọ NUC ti gbé ìlànà tuntun, CCMAS, jáde: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ àjọ, ìdá 30 lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ìdá 30 yìí ni kò jẹ́ kí Màmá sùn. “Bí a bá fi ṣeré, ìtàn Agége kò ní sí níbẹ̀.”

Mo bi wọ́n bóyá ẹnìkan ti ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní Kenneth Dike ni. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Dike fẹ́ kí ìtàn Áfíríkà wà láàárín ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n níbo ni ìwé wà? Ó kiri ọ́fíìsì ìjọba, ó ń wá àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó ń bàjẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló bí ilé àkójọ ìwé ìjọba. Ó tún fetí sí ẹnu àwọn àgbà. (Èyí ló wù mí jù, nítorí ìyá mi àgbà kò mọ̀wé.) Ìwé rẹ̀ lórí Niger Delta jáde lọ́dún 1956. Nígbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní oyè tirẹ̀ lọ́dún 1962, Dike ni ọ̀gá àgbà rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo yọjú wo ìwé Màmá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ti kọ ọ́: “J. K. Coker, kókó Agége, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ 1907. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bi àwọn àgbà.” Wọ́n wá ní kí n gbé oúnjẹ wá.