Àdììtú Orí Ọpọ́n Ṣẹ́ẹ̀sì: Láti Ààfin Baghdad dé Orí Fóònù

Àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì ni àwòrán ọpọ́n kan níbi tí nǹkan ti ń gbóná, pẹ̀lú ìbéèrè kúkúrú lábẹ́ rẹ̀: funfun ló kàn, báwo ni yóò ṣe borí? Ẹni tó ń yanjú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ kankan. Ojú àti orí ló fi ń wá ọ̀nà. Nínú ìwé òde òní, púpọ̀ nínú irú àdììtú bẹ́ẹ̀ ló wá láti inú eré tí àwọn ọ̀ta gidi ta. Ọdún rẹ̀ wà, ìlú rẹ̀ wà, orúkọ ẹni tó borí àti ti ẹni tó fìdí rẹmi sì wà nínú àkọsílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, àtinúdá ló pọ̀ jù nínú àdììtú, torí pé kò tíì sí ẹni tó ń kọ eré sílẹ̀ dáadáa.

Ààfin àwọn kálífà ní Baghdad ni àdììtú ti kọ́kọ́ di iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ṣẹ́ẹ̀sì ìgbà náà, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní shatranj, gba Páṣíà kó tó dé ọwọ́ wọn, ó sì falẹ̀ ju ti òní lọ. Ọmọ tó dúró ní ipò ayaba kò lè sún ju ilé kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ìdágẹ̀rẹ́ nìkan ló sì ń rìn. Erin, tó dúró ní ipò bíṣọ́ọ̀bù, ń fo ilé kan bọ́ sí èkejì, agbára rẹ̀ parí síbẹ̀. Rúùkù àti ẹṣin nìkan ni ọ̀tá ń bẹ̀rù. Ó máa ń pẹ́ kí ogun tó bẹ́, nítorí náà ìparí ni adùn eré wà, ìparí yìí sì ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní manṣūba. Al-Adli kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún 9. Lẹ́yìn rẹ̀ ni as-Suli dé, ẹni tó di ọ̀ta ààfin nígbà tó borí ọ̀ta mìíràn, al-Mawardi, lójú Kálífà al-Muktafi. As-Suli fi àdììtú kan sílẹ̀ tó fi yangàn pé kò sẹ́ni tó lè tú u àfi ẹni tí òun bá kọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí Yuri Averbakh, ọ̀ta ará Rọ́ṣíà, tó tú u pátápátá, láàárín àwọn ọdún 1980.

Àdììtú mìíràn láti ìgbà náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan ta tẹ́tẹ́ títí ó fi fi aya rẹ̀, Dilaram, dúró. Nígbà tí ikú kan ilẹ̀kùn ọba rẹ̀ lórí ọpọ́n, obìnrin náà pariwo láti ẹ̀yìn pé kí ó fi rúùkù méjèèjì tọrẹ kó má fi òun tọrẹ. Àròsọ lásán lè ni, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ lórí ọpọ́n: rúùkù méjèèjì ṣòfò lóòótọ́, ọmọ-ogun àti ẹṣin ló sì parí iṣẹ́.

Àwọn Mùsùlùmí mú ṣẹ́ẹ̀sì wọ Sípéènì, àdììtú sì bá a dé. Ní 1283, wọ́n parí ìwé ńlá kan lórí àwọn eré ọpọ́n ní Seville fún Alfonso Kẹwàá, ọba Castile. Àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì 103 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà, ìṣe àwọn Lárúbáwá ló sì hàn nínú púpọ̀ wọn. Àwọn àkójọ mìíràn tẹ̀lé e ní Yúróòpù lédè Látìn, owó ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó mọ ìdáhùn á to ọmọ sórí ọpọ́n níbi tí èrò wà, á ní kí ẹni tó bá láyà fowó sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń sún ọmọ kan péré sí ilé mìíràn, kí ìdáhùn tí gbogbo ayé ti mọ̀ má bàa ṣiṣẹ́ mọ́, kí ẹni tó rò pé òun gbọ́n lè kó sí páńpẹ́. Gbájúẹ̀ pọ́ńbélé ni.

Ní nǹkan bí 1475, ní agbègbè Valencia, òfin yí padà. Ayaba gba agbára rúùkù àti ti bíṣọ́ọ̀bù pọ̀, bíṣọ́ọ̀bù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti igun dé igun, àkójọ àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di aláìwúlò. Francesc Vicent tẹ ìwé tí àdììtú 100 wà nínú rẹ̀ ní Valencia ní 1495, ìwé tó ti sọnù pátápátá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Lucena tẹ tirẹ̀ ní Salamanca. Àdììtú 150 ló kó jọ, àwọn kan jẹ́ ti òfin àtijọ́, àwọn kan jẹ́ ti tuntun, bí ẹni tí kò tíì mọ èyí tí yóò lékè.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú àdììtú sún mọ́ eré gidi ni Philipp Stamma, ọmọ Aleppo ní Síríà. Ó tẹ àdììtú 100 jáde ní Párísì ní 1737. Nínú tirẹ̀, ọba ẹni tó ń wá ọ̀nà pàápàá wà lẹ́nu ikú: bí kò bá pa ọ̀tá kíákíá, òun ni wọn yóò pa. Irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ta ọpọ́n rí, kò dà bí ohun tí ọlọ́gbọ́n kan jókòó sí yàrá hun. Ó tún fi lẹ́tà àti nọ́ńbà sọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan, láti a dé h, láti 1 dé 8, ìlànà tí gbogbo ayé padà gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Stamma lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó di ògbufọ̀ èdè ìlà-oòrùn fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni Philidor, ọmọ Faransé, ti nà án bí ẹni na bààrà ní 1747. Ẹni tó mọ àdììtú pa lè má mọ ọpọ́n ta.

Ohun tó wá yí gbogbo rẹ̀ padà ni kíkọ eré sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1834, La Bourdonnais ará Faransé àti McDonnell ará Belfast jọ ta eré 85 ní Lọ́ńdọ̀nù. William Greenwood Walker jókòó tì wọ́n, ó ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ wọn. Láìsí ọwọ́ rẹ̀, eré náà ì bá ti pòórá. Àwọn ọ̀ta ayò ilẹ̀ Yorùbá náà ń dá àrà lórí ọpọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tó dúró wòran ni àrà wọn ń gbé, tí àwọn wọ̀nyẹn bá kú, ó bá wọn wọlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀sì ní akọ̀wé. Ní 1836, La Bourdonnais dá ìwé ìròyìn ṣẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Párísì, Le Palamède, nígbà tó sì di àárín ọ̀rúndún náà, ìwé ìròyìn tó ń tẹ eré àwọn ọ̀ta jáde ti ń pọ̀ sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn eré tó ti di àdììtú jù lọ wáyé ní ilé eré orin opera ní Párísì ní 1858. Paul Morphy, ọmọ ọdún 21 láti New Orleans ní Amẹ́ríkà, dojú kọ àwọn ọlọ́lá méjì tó jọ ń gbìmọ̀ pọ̀, Duke ti Brunswick àti Count Isouard. Ìgbésẹ̀ 17 péré ló gbà. Ìgbésẹ̀ 16 ni ìwé máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́. Ọba dúdú wà ní e8, kò tíì kúrò nílé. Ẹṣin rẹ̀ wà ní d7, ó dí ọ̀nà rúùkù funfun tó wà ní d1. Morphy gbé ayaba rẹ̀ lọ sí b8, síwájú ẹṣin yẹn, ó sì halẹ̀ mọ́ ọba. Kò sí ibi tí ọba lè sá sí, kò sí ọmọ tó lè dí ọ̀nà. Ẹṣin ní láti pa ayaba. Bó ti pa á ni ojú ọ̀nà d ṣí sílẹ̀ gbayawu. Rúùkù sáré dé d8, bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní g5 ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn, ọba kú. Rúùkù kan àti bíṣọ́ọ̀bù kan, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ-ogun, ló kù fún funfun, àwọn ọlọ́lá méjèèjì sì ní ọmọ yanturu tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní àkókò kan náà ni àwọn tó ń hun àdììtú láti inú orí ara wọn yà sọ́tọ̀, wọ́n sì di ẹgbẹ́ tiwọn. Òfin tiwọn le: ọmọ tí kò níṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà lórí ọpọ́n, ìdáhùn kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Adolf Anderssen, ẹni tó gbégbá orókè níbi ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, ti kọ ìwé àdììtú bẹ́ẹ̀ ní 1842. Nínú eré tó bá ọ̀ta kan tó ń jẹ́ Kieseritzky ta ní ọdún 1851 yẹn, ó fi bíṣọ́ọ̀bù, rúùkù méjèèjì àti ayaba rúbọ kó tó pa ọba. Ẹwà iṣẹ́ àwọn ahunlórí kò ṣeé bu ẹnu àtẹ́ lù, àmọ́ ọpọ́n gidi kì í mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò wúlò máa ń dúró káàkiri, ó sì máa ń bo ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń wá a lójú. Èyí gan-an ni ẹni tó fẹ́ mọ eré ta ní láti kọ́.

Fred Reinfeld ará New York ló sọ ọ́ di ọjà. Ìwé rẹ̀ Chess Quiz jáde ní 1945, ní 1955 sì ni méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán 1001 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí ọba pípa, èkejì lórí fífi ọmọ rúbọ. Kò kọ orúkọ àwọn tó ta eré náà, ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé, ó tán. Àwọn ará Belgrade ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Láti 1966 ni Šahovski Informator, tí Aleksandar Matanović dá sílẹ̀, ti ń tẹ eré àwọn ọ̀ta pẹ̀lú àmì dípò ọ̀rọ̀, kí gbogbo èdè lè kà á. Ní 1980, wọ́n kó àrà inú eré jọ sí ìwé ńlá kan, wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí ète inú wọn ti jẹ́, orúkọ àti ọdún sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ti Belgrade ló dára jù, torí pé ẹni tó bá rí orúkọ lè lọ wá gbogbo eré náà kà.

Ìdí tí àdììtú fi ń mú ènìyàn já fáfá wá hàn láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ. Adriaan de Groot ará Nẹ́dálándì fi hàn ní 1946 pé ọ̀ta tó bá wo ọpọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè tò ó padà fẹ́rẹ̀ẹ́ pátá, òpè kò sì lè ṣe é. Ní 1973, Chase àti Simon ní Amẹ́ríkà da ọmọ sórí ọpọ́n láìsí ètò. Àǹfààní ọ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ohun tí ọ̀ta fi ń ríran ni àwọn àwòrán tó ti kó pa mọ́ sórí. Ọ̀ta kan, Tigran Petrosian, ni ẹ̀rí tó dùn jù. Ní Moscow ní 1956, ó gbé ayaba rẹ̀ lọ sí h8 níwájú ọba Simagin tí wọ́n jọ ń ta. Bí ọba bá pa á, ẹṣin á pa ọmọ tó wà ní f7, á sì kọlu ọba àti ayaba lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tó ń gbèjà oyè àgbáyé rẹ̀ lọ́wọ́ Spassky, ní eré kẹwàá, ayaba rẹ̀ tún lọ sí h8, ẹṣin tún dúró de f7. Spassky juwọ́ sílẹ̀.

Àdììtú ní àlébù kan tí àwọn olùkọ́ kò yé sọ. Àwòrán ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun kan wà níbẹ̀. Lójú eré, kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àdììtú sì tún ń gé àṣìṣe kúrò. Ní Moscow ní 1914, ọ̀ta Capablanca sún ayaba rẹ̀ dé b2, Bernstein tí wọ́n jọ ń ta sì gbà pé ó parí, torí pé bí ayaba funfun bá pa á, rúùkù dúdú á sọ̀kalẹ̀ sí d1, á pa ọba. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń fi b2 han ọmọdé. Ìwé díẹ̀ ló ń fi hàn pé ìgbésẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, Bernstein rí ọmọ-ogun kan ní c3 tó dà bí ọ̀fẹ́, ó sì pa á. Nínú àdììtú tó wá láti inú eré, ẹnì kan ti ṣi ọwọ́ gbé, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù wà.

Kọ̀ǹpútà ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn akójọ. Àwọn tó ń kọ ètò ìtaṣẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́ fi àdììtú 300 inú Win at Chess, orúkọ tuntun tí wọ́n fún Chess Quiz ti Reinfeld, dán ẹ̀rọ wò, ẹ̀rọ sì rí ibi tí ìwé ti ṣì. Ní 2010, Thibault Duplessis ará Faransé dá ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì Lichess sílẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń wo eré àwọn tó ń ta lórí ìkànnì, ó ń yọ ibi tí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ti lè borí, ó sì ń fún àdììtú ní ipò bí ó ti ń fún ènìyàn: ẹni tó bá yanjú rẹ̀ á gòkè, àdììtú á sọ̀kalẹ̀. Àdììtú tó wà níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, ẹnikẹ́ni sì lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Eré àwọn ènìyàn lásán ló wà nídìí púpọ̀ wọn. Wọ́n wúlò fún ìdánrawò ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í mú ẹnikẹ́ni lọ ka eré tí wọ́n ti wá, torí pé eré náà kò yẹ ní kíkà. Ìwé àwọn ọ̀ta kò tíì parẹ́: ní 2014, wọ́n tún ìwé Reinfeld ti 1955 tẹ̀, wọ́n sì yí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sí lẹ́tà àti nọ́ńbà irú ti Stamma.