Àtẹ̀gùn Ilé Alájà ní Onitsha: Irú àti Ohun Èlò

Ohun tí a ń tẹ̀ gun òkè ni àtẹ̀gùn. Ohùn ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára atẹ́gùn tí ń fẹ́. Nítorí náà ni àṣìkọ rẹ̀ fi wọ́pọ̀. Àkàbà yàtọ̀ sí i, nítorí pé ó ṣeé gbé kiri. Ilé tí a ń gba àtẹ̀gùn dé òkè rẹ̀ ni pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ti àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí a sì parí ní 1845.

Onitsha jẹ́ ìlú ọjà létí Odò Ọya, ilẹ̀ sì há níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ń fi ìsàlẹ̀ ṣe ìsọ̀, wọ́n a sì kọ́ yàrá àwọn ayálégbé lé e lórí, àjà lórí àjà. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lè jẹ́ ọ̀nà gbogbo ìdílé tí ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wàrà 2019, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú nítòsí Upper Iweka. Epo rẹ̀ ṣàn gba inú gọ́tà, iná sì ran àwọn ìsọ̀ àti ilé alájà ní agbègbè ọjà Ochanja. Ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí yíyan àtẹ̀gùn ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

Ikán kì í tètè jẹ ìrókò àti apá, àtẹ̀gùn tí a fi wọ́n ṣe sì yẹ ilé ìdílé kan. Ṣùgbọ́n igi ń jó. Irin kì í jó, àmọ́ ooru ńlá a máa sọ ọ́ di aláìlágbára, òjò a sì mú un dípẹtà bí a kò bá máa kùn ún. Kọnkéré ni ó tọ́ sí ilé ayálégbé. Àléébù rẹ̀ ni pé àṣìṣe inú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe bọ̀rọ̀: omi gbọ́dọ̀ máa rin ín fún nǹkan bí ọjọ́ méje, a kò sì gbọdọ̀ kánjú yọ igi tí ó gbé e dúró. Táìlì dídán lórí rẹ̀ a máa yọ̀ nígbà òjò. Ojú kọnkéré tí a kò dán sàn jù ú lọ.

Àtẹ̀gùn tí ó yí òpó po kì í gba àyè púpọ̀, àmọ́ ta ni yóò gbé aláìsàn gba ibẹ̀ kọjá? Èyí tí ó ṣẹ́rí padà ní agbedeméjì ni ó bá ilé tóóró mu jù. Bí àjà kan bá ga ní mítà 3, ìgbésẹ̀ 18 yóò mú kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní nǹkan bí mílímítà 167. Kí ibi ìtẹ̀sẹ̀ sì fẹ̀ tó 280. Gíga wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí ẹyọ kan tí ó bá yàtọ̀ ni ẹsẹ̀ yóò kọ̀ nínú òkùnkùn.

Ewu mìíràn kò sí lọ́wọ́ ọ̀mọ̀lé rárá: ẹrù ọjà tí a kó sábẹ́ àtẹ̀gùn, àti ìlẹ̀kùn irin tí a ń fi àgádágodo tì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lóru nítorí olè, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan.