Ilé Ìdáná Ilé Ìwòsàn Nínú Ìtàn Ìmọ̀ Oúnjẹ Aláìsàn

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gboyè nínú ìmọ̀ oúnjẹ aláìsàn máa ń fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Láàárín ọdún náà, yóò ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, yóò ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn, yóò sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná. Ó lè ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lẹ́nu pé ìkòkò àti òṣùwọ̀n wà lára ohun tí yóò fi kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ náà fi hàn pé ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń yọrí sí rere tàbí kí ó bàjẹ́.

Nígbà Ogun Crimea (1853–1856), ilé ìwòsàn tó wà ní Scutari, ní òdìkejì omi sí Istanbul, ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàìsàn lọ. Florence Nightingale dé ibẹ̀ ní 1854. Ó rí i pé wọ́n ń wọn ẹran pọ̀ mọ́ egungun. Ẹnì kan lè gba ẹran, kí ẹlòmíràn sì gba egungun lásán, bẹ́ẹ̀ ìwé yóò sọ pé ìpín àwọn méjèèjì dọ́gba. Ní 1855, Alexis Soyer, ọmọ Faransé tó jẹ́ gbajúmọ̀ alásè ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sí Scutari. Ó tún ilé ìdáná ibẹ̀ tò, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ogun ní oúnjẹ síse.

Iṣẹ́ náà di iṣẹ́ tó dá dúró ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1917, lákòókò Ogun Àgbáyé Kìíní, Lenna Cooper àti Lulu Graves wà lára àwọn tó dá American Dietetic Association sílẹ̀ ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà. Ní 1924, Royal Infirmary ní Edinburgh dá ẹ̀ka oúnjẹ aláìsàn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ruth Pybus ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà kó ipa nínú ìmọ̀ yìí. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń ṣe àwọn ọmọ tí oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ jù. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Gá fún un, kwashiorkor: àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá bí àbúrò lé e. Àìsàn yìí kan náà pa ọ̀pọ̀ ọmọdé nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà (1967–1970). Ó fi yé àwọn onímọ̀ pé ikùn lè kún kí ebi ohun tó ń mú ara dàgbà sì wà nínú ara.

Nítorí náà, ìṣirò ni akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ máa ń bá pàdé nílé ìdáná. Bí 200 aláìsàn bá ní láti jẹ gíráàmù 90 ẹran sísè, kílógíráàmù 18 ni wọn yóò pín. Bí ẹran tí kò ní egungun bá ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù lórí iná, kílógíráàmù 24 ni wọ́n gbọ́dọ̀ rà. Ẹni tó bá ra 18 ti fi ebi pa àwọn kan kí oúnjẹ tó dé wọ́ọ̀dù. Ó tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ooru: ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ gbígbóná wà lókè 60°C, kí ti inú fíríìjì wà nísàlẹ̀ 5°C, kí oúnjẹ sísè má sì wà níta ju wákàtí méjì lọ.

Oúnjẹ tí kò níyọ̀ tí wọ́n kọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kò wúlò bí alásè bá bù ú láti inú ìkòkò gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ tó ti dúró ti ìkòkò náà ló mọ ohun tó yẹ kí ó béèrè nígbà tí oògùn àti ìmọ̀ràn bá pé, tí ara aláìsàn kò sì yá.