Wáyà Abẹ́ Òkun àti Ọgbọ́n Àwọn Ìjọba Ńlá

Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún: bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní sáà tí àwọn ìjọba Yúróòpù ń pín ayé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí dé Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹnì kẹta kan dìde tí ó yẹ ní bíbẹ̀rù ju olùránni àti ẹni tí a ránṣẹ́ sí lọ, ìyẹn ni ẹni tí ó ni ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà kọjá.

Ní 1858, wọ́n na okùn wáyà la òkun Àtìláńtíìkì já, Ọbabìnrin Victoria sì kí Ààrẹ Buchanan ti Amẹ́ríkà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí okùn náà fi pa lọ́lọ́. Ọdún 1866 ni ọkọ̀ ojú omi arabaríbí nì, Great Eastern, tó na èyí tí ó tọ́jọ́. Nígbà tí ó sì di 1870, ọ̀rọ̀ lè ti etí òkun Gẹ̀ẹ́sì gba Gibraltar, Málítà, Íjíbítì àti Aden dé Bombay ní wákàtí díẹ̀, ọ̀nà tí ìwé inú ọkọ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ rìn. Bàbà ni ó wà nínú okùn yìí, oje igi gọ́tà-pẹ́ṣà tí wọ́n ń kó láti ìhà Màláyà ni wọ́n sì fi ń bò ó kí omi má baà wọ̀ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ọjà oje náà wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ń na okùn, àwọn náà ni ó ni John Pender, oníṣòwò aṣọ òwú ní Manchester, tí ó kó ilé-iṣẹ́ wáyà jọ di Eastern Telegraph Company ní 1872.

Bí okùn ti ń pọ̀ sí i ni àwọ̀n apẹja àti ìdákọ̀ró ń já wọn, èyí ni ó mú kí àwọn aṣojú ìjọba péjọ sí Paris, tí wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 14 oṣù March, 1884. Wọ́n pinnu pé ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀ọ́mọ̀ já okùn tàbí kí ó fi àìbìkítà já a. Wọ́n ní bí ọlọ́kọ̀ bá pàdánù ìdákọ̀ró tàbí àwọ̀n rẹ̀ nítorí kí okùn má baà bàjẹ́, kí ẹni tí ó ni okùn san án padà fún un. Òfin rere ni, òfin àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo abala kẹẹ̀ẹ́dógún, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àdéhùn náà kò di ọwọ́ ìjọba tí ó bá ń jagun. Wọ́n gba okùn lọ́wọ́ apẹja, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ológun. Kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi rí èso rẹ̀: ní oṣù May, 1898, àwọn atukọ̀ ogun Amẹ́ríkà wọ inú ọkọ̀ kékeré ní etí òkun Cienfuegos ní Kúbà, wọ́n sì ń gé okùn lábẹ́ òjò ọta ìbọn àwọn ará Sípéènì.

Okùn kò ṣàì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1886, ọdún tí wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Gold Coast, tí àwọn jagunjagun Kírìjì sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, wáyà gúnlẹ̀ sí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ìlú aláròyé tí omi yí ká. Ilé-iṣẹ́ African Direct ni ó nà án. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí òun náà fi London ṣe ibùjókòó ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn Faransé tí ó wà ní Kùtọnu àti ti àwọn Potogí tí ó wà ní Luanda. Àwọn tí ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní etí òkun wa, ọwọ́ oníṣòwò London ni ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Faransé kò mọ bí èyí ti wúwo tó títí di ọ̀ràn Fashoda. Marchand, ọ̀gágun wọn, fi nǹkan bí ọdún méjì la àárín Áfíríkà kọjá, ó la igbó, ó la àbàtà, ó sì ta àsíá Faransé sí Fashoda ní etí odò Náílì ní oṣù July, 1898. Ní oṣù September ni Kitchener, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, dé bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun tí ó ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ohun tí Kitchener ní tí Marchand kò ní ju ìbọn lọ, nítorí pé wáyà ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìhà Omdurman, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti dé London kí Paris tó gbọ́ ohunkóhun láti ẹnu ọmọ tirẹ̀. Delcassé, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Faransé, ní láti bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bá jà pé kí wọ́n bá òun jíṣẹ́ fún Marchand; ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Baratier, ìránṣẹ́ Marchand, sì wọ̀ dé Kairo kí ó tó ráyè lọ sí Paris. Báwo ni ènìyàn yóò ti bá ẹni tí ó di ẹnu àti etí rẹ̀ mú jiyàn? Ní oṣù November, Faransé gbà pé kí Marchand kúrò.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ń sapá tẹ́lẹ̀ kí okùn wọn má gba ilẹ̀ àjòjì rárá: nígbà tí wọ́n ń wá erékùṣù tí wọn yóò fi ṣe ibùdó láàárín òkun Pàsífíìkì, Hawaii yára gba Necker mọ́ra ní 1894, ìmọ̀ràn náà sì wọmi, síbẹ̀, ní 1902, okùn wọn ti Kánádà gba Fanning àti Fíjì dé Ọsirélíà, ó sì fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan yí ayé ká. Jámánì náà kò sùn: ó na okùn láti Emden lọ sí New York, ó na òmíràn tí ó gba Tenerife àti Monrovia dé Lomé ní Tógò ní 1913, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí Kamina, nítòsí Atakpamé níbi tí àwọn ará wa Ifẹ̀-Àná wà, kí ó lè máa bá Berlin sọ̀rọ̀ láìlo okùn.

Ṣùgbọ́n abala kẹẹ̀ẹ́dógún kò kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 5 oṣù August, 1914, kí ogun tó pé ọjọ́ kan, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Alert gé okùn Jámánì márùn-ún ní ojú omi tí ó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó Kamina kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní January 1917, Zimmermann, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Jámánì, fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí Mẹ́síkò, okùn tirẹ̀ kò sí mọ́, ó sì fi ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́. Okùn náà gba London kọjá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́, wọ́n tú àrokò rẹ̀, wọ́n sì fi í han Amẹ́ríkà, tí òun náà kéde ogun ní oṣù April.

Kò sí ọba Yorùbá kan tí ó jókòó sí Paris ní 1884, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ṣètò níbẹ̀ kàn wá. Nígbà tí Gómìnà Carter gbógun ti Ìjẹ̀bú ní 1892, ìbọn Maxim ni à ń dárúkọ nínú ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ London kò tún jìnnà sí Èkó mọ́. Awùjalẹ̀ ń bá Gómìnà sọ̀rọ̀, Gómìnà sì ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òkun láàárín ọjọ́ kan. Kí ẹni tí ó bá ń ka ohun ìjà tí wọ́n fi ṣẹ́gun wa ka okùn yìí mọ́ ọn, nítorí pé ìjọba tí kò bá ní ọ̀nà ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀, ìyọ̀ǹda ẹlòmíràn ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ìyọ̀ǹda sì ni ohun tí ogun kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni.