Àwòrán Tí a Ń Ká bí Òwú: Àárò Sinimá Àtijọ́ ní Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ sinimá Yorùbá ti dàgbà tó ẹni tí ń wo ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rọ ayárabíàṣá ti gba iṣẹ́ náà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni àárò fíìmù àtijọ́ ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òkè-Ògùn, ilẹ̀ ọ̀dàn tí Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn wà, jẹ́ ibi tí ó dára láti gbé àárò yìí yẹ̀ wò, nítorí níbẹ̀ ni ọmọ ti ń fi irinṣẹ́ mìíràn ṣe iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe.

Bàbá náà ni Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ade Love. Òun ni ó kó ipa pàtàkì nínú Àjàní Ògún, fíìmù tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Inú eré alárìnjò ni àwọn wọ̀nyí ti wá. Fíìmù ayé ìgbà náà jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká roboto, bí ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ti í ká òwú. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá níwájú iná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí eré bá gba wákàtí kan àtààbọ̀, ike tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 35 yóò gùn tó mítà 2,460. Ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà olówó eré a máa gbé e kiri fúnra rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, a tan án sára aṣọ funfun nínú gbọ̀ngàn, kí olè má baà rí i gbé.

Olè ṣì rí i gbé. Àwọn aṣẹ̀dà-àìgbàṣẹ da Ọ̀run Móoru sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì kó Bàbá Sàlá sí gbèsè ńlá. Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ láti 1986, owó ike àti owó fífọ̀ ọ́ ní òkè òkun ga kọjá agbára òṣèré. Kásẹ́ẹ̀tì gba ipò rẹ̀, VCD tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Ẹni tí ń ṣàárò kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí: kì í ṣe pé a kórìíra fíìmù, ọwọ́ ni kò tó o mọ́.

Ọmọ Ade Love, Kúnlé Afọláyan, kọ́ abúlé ìyàwòrán rẹ̀ sí Igbójàyè ní Òkè-Ògùn. Ibẹ̀ ni a ti ya Aníkúlápó, tí Netflix gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, 2022. Kò sí ike, kò sí gbọ̀ngàn ìlú. Ará Lọ́ńdọ́nù àti ará Ìbàdàn lè wò ó lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí káàkiri ayé: ilé-iṣẹ́ Fujifilm jáwọ́ nínú ṣíṣe ike sinimá ní 2013, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Christopher Nolan ṣì fi ike ya Oppenheimer tí ó jáde ní 2023.

Kí gan-an ni a wá ń ṣàárò? Ohun méjì ni: àwùjọ tí ń rẹ́rìn-ín pọ̀ nínú òkùnkùn, àti ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ike kò lè dá ti àkọ́kọ́ padà. Ti èkejì ṣì ṣeé gbà là, bí a bá tètè ṣe é. Ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ ike; nígbà tí ó bá ń kú, òórùn ọtí kíkan ni ó ń yọ. Síbẹ̀, a rí fíìmù Shaihu Umar ti ọdún 1976 nínú àká ìjọba ní Jos ní 2016, a tún un ṣe, a sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Èdè Hausa ni fíìmù náà. Ti Yorùbá náà tọ́ sí irú ìwákiri bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ayé òde òní kò bọ́ lọ́wọ́ ewu náà. Àpò ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà ń bàjẹ́, àdéhùn sì ń parí. Ìdílé tí ó bá ní òfì ìyá àgbà nínú àpótí ní Ìṣẹ́yìn kì í fi í sílẹ̀ fún kòkòrò. A máa kó o síta, a sá a, a sì tún un ká. Ohun tí fíìmù bàbá àti fíìmù ọmọ ń béèrè náà nìyẹn.