Òfin 1972 Kọ́ Ló Bí Ẹgbẹ́ Họ́kì Obìnrin

Ní Ṣàngó nílùú Ìbàdàn, níbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ Agbowó àti Òjòó, ẹnìkan lẹ bébà mọ́ òpó iná. Ó ń polówó ara rẹ̀ fún òbí tó bá fẹ́ kí ọmọbìnrin òun fi eré ìdárayá rí sikọ́láṣíìpù gbà ní Amẹ́ríkà. Ọjà tó ń tà kọ́ ló bí mi nínú. Ohun tó kọ sísàlẹ̀ ni: pé láti 1972 ni òfin ti pa á láṣẹ fún gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ náà pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ nínú gbogbo eré, títí kan họ́kì orí yìnyín. Ọmọ Ìbàdàn tí kò rí yìnyín rí àfi èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja lọ́jà! Ṣùgbọ́n ẹ má dá onípolówó yìí lẹ́bi jù. Lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá wa lórí rédíò ló ti gbọ́ ọ. Ọmọ wa kan kì í gba wúrà kí wọ́n má tún un sọ: òfin dé, ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ka òfin náà. Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, 1972. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni abala tí wọ́n ń pè ní Title IX fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ 37 péré lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ torí pé ẹnìkan jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kó fi ẹ̀tọ́ du ú. Kò sí eré ìdárayá níbẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù, ká má tilẹ̀ sọ họ́kì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń fi du obìnrin ní yunifásítì, àti ti àyè ìwọlé, ló wà lọ́kàn Edith Green, Patsy Mink àti Birch Bayh tí wọ́n ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ rí eré ìdárayá nínú rẹ̀ ni àwọn tí ẹ̀rù ń bà: ní 1974, Sẹ́nétọ̀ John Tower fẹ́ kí wọ́n yọ eré tó ń pawó wọlé kúrò lábẹ́ òfin náà. Kò rí i ṣe.

Àwọn alátakò ìtàn yìí náà ò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n á ní rárá o, ní 1964 ni àwọn obìnrin Pembroke ní Yunifásítì Brown ti dá ẹgbẹ́ họ́kì tiwọn sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní Isobel Stanley, ọmọ gómìnà àgbà Kánádà, ti ń gbá a ní nǹkan bí 1890. Ó dáa. Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan yìnyín ni a ń wá ni? Obìnrin tó fẹ́ gbá họ́kì kò wọ́n láyé rí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi owó ara wọn ṣe ṣe di ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gan-an, tí ilé ẹ̀kọ́ ń san owó kóòṣì àti owó ọkọ̀ fún. Ta ló mú kí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tọwọ́ bọ àpò?

Ìwé kan wà tí àwọn oníròyìn kì í kà, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ti òfin lọ: ìdájọ́ Cook àti Colgate. Yunifásítì Colgate wà ní Hamilton, ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní kìlọ́ọ̀bù họ́kì. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ní 1979 pé kí wọ́n sọ kìlọ́ọ̀bù náà di ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọn ò gbà. Wọ́n tún kọ ọ́ ní 1983, ní 1986, ní 1988. Wọn ò gbà. Ẹ rántí pé òfin ti pé ọdún méje nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ẹ wá gbọ́ àwáwí wọn. Họ́kì ń náni lówó. Àwọn ọmọbìnrin kì í sábà gbá a ní ilé ẹ̀kọ́ girama. NCAA tó ń darí eré àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní ìdíje àṣekágbá fún họ́kì obìnrin. Ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa: kò sí ìdíje torí pé ẹgbẹ́ kò pọ̀, ẹgbẹ́ kò sì lè pọ̀ torí pé kò sí ìdíje. Owó tí Colgate ń ná sórí họ́kì ọkùnrin lọ́dún nígbà náà ju 200,000 dọ́là lọ. Ti obìnrin kò tó 5,000.

Ní 1990, Jennifer Cook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, márùn-ún lápapọ̀, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 1992, adájọ́ dá wọn láre. Colgate pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ibí sì ni mo ti máa ń dúró tí mo bá ń kà á. Ní 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ ọ̀hún nù. Wọn ò sọ pé Colgate jàre o. Wọ́n ní àwọn olùpẹ̀jọ́ ti ń parí ẹ̀kọ́ wọn, orúkọ ara wọn nìkan ni wọ́n sì fi pe ẹjọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ìdájọ́ náà yóò ṣe láǹfààní mọ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọdún mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ti ní sùúrù, á kàn jókòó dè wọ́n títí wọ́n á fi wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. (Bí ó bá jẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, UI, ni, pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, bóyá ìdájọ́ ì bá bá wọn nílé ẹ̀kọ́.)

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn gba ẹjọ́ náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi orúkọ gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀ pè é, kí ìkẹ́kọ̀ọ́jáde má baà pa á mọ́. Ní 1997 ni Colgate gbà. Ní 2001 ni NCAA ṣe ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ fún họ́kì obìnrin. Àwọn tó kọ lẹ́tà 1979 ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tí ẹgbẹ́ tí wọ́n tọrọ dé. Òfin wà lóòótọ́, bí àdá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí yóò gbé e lọ sóko ni kò tètè sí.

Kódà, àdá náà kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní oṣù Kẹta 2017, Yunifásítì North Dakota pa ẹgbẹ́ họ́kì obìnrin rẹ̀ rẹ́, wọ́n fi ti ọkùnrin sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 2018, ní Òlíńpíìkì PyeongChang, Amẹ́ríkà na Kánádà gba wúrà: Monique Lamoureux ló jẹ góòlù tí wọ́n fi ta ọ̀mì, ìbejì rẹ̀ Jocelyne ló gbá èyí tó parí eré nígbà pẹnáritì. Ẹgbẹ́ tí wọ́n pa yẹn ni Táyé àti Kẹ́hìndé yìí ti gbá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Seun Adigun àti Akuoma Omeoga gbé ọkọ̀ orí yìnyín Nàìjíríà sáré níbẹ̀. Ìtàn tí a ń sọ nílé ni pé wọ́n fi igi kan ọkọ̀ ìdánrawò ní Houston, iṣẹ́ ìyanu sì ṣẹlẹ̀. Igi náà jóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí pápá ìsáré kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ẹsẹ̀ wọn ti le: Adigun àti ẹlẹgbẹ́ wọn Ngozi Onwumere ní Houston, Omeoga ní Minnesota, Simidele Adeagbo, tó dá sáré lórí ọkọ̀ yìnyín pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní skeleton, ní Kentucky. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo akọni obìnrin wa ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ṣe. Modupe Oshikoya ńkọ́? Wúrà mẹ́ta ló ti gbà nínú ìdíje eré ìdárayá Áfíríkà ní Èkó ní 1973 kó tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì UCLA. Chioma Ajunwa tó gba wúrà Atlanta ní 1996, ọlọ́pàá Nàìjíríà ni.

Ká padà sí họ́kì. Nígbà míì, ohun tó ń dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ báyìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ obìnrin rárá. Yunifásítì Delaware fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àwọn ọkùnrin rẹ̀ lọ sí ìpele tó ga jù, sikọ́láṣíìpù ọkùnrin yóò sì pọ̀ sí i; wọ́n wá fi họ́kì obìnrin kún eré wọn kí òṣùwọ̀n má baà wọ́ sápá kan. Sáà àkọ́kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Àbí ọkùnrin ló bí ẹgbẹ́ obìnrin yìí ni? Mo rò pé ó yẹ kí ẹnìkan tọ ipa ìbéèrè yẹn lọ.

Nítòsí òpó iná tí mo wí yẹn, Póli wà lápá kan, UI wà níwájú. UI ló gbàlejò NUGA, ìdíje eré àwọn yunifásítì Nàìjíríà, àkọ́kọ́ ní 1966, gbogbo ìtàn tí a sì ń kọ nípa rẹ̀ dá lórí ẹni tó gba ife. Èmi á kọ́kọ́ wá lẹ́tà tí akọ̀wé eré ìdárayá ní Queen Elizabeth Hall, ní Ìdíà tàbí ní Olórí Hall ní Póli kọ, èyí tí wọ́n dá padà pé kò sówó. Àwọn kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè wà ní Bódìjà báyìí, wọ́n ti di ìyá àgbà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú àpótí wọn.