Iyọ̀, Láti Ọ̀wọ́n Dé Ọ̀pọ̀

Bí mo bá ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ojúwòyè, Mushin, wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwọn baba ńlá wa jẹ iyọ̀, kò sì pa wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìtàn ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Iyọ̀ wọ́n láyé ìjọsí. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ayé Aláàfin Ọbalókun ni iyọ̀ kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa. Òbu, òkúta tí adùn rẹ̀ kò tó nǹkan, ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ etí òkun pàápàá kò rọrùn í ṣe. Ní Djègbadji, lẹ́bàá Wídà ní orílẹ̀-èdè Benin, títí di òní, àwọn obìnrin ṣì ń fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ oníyọ̀, wọ́n á sì máa se omi náà nínú èéfín títí iyọ̀ yóò fi kù sísàlẹ̀ ìkòkò. Ta ni yóò fi irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòfò? Abájọ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ sí ọmọ tuntun lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ayé rẹ̀ lè dùn.

Ọkọ̀ òkun ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Ní ayé àwọn òbí àwọn ìyá wa àgbà, iyọ̀ Cheshire ń ti Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Nígbà tí rélùwéè tó gba Yaba àti Mushin kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, iyọ̀ wà lára ẹrù tó ń gbé wọ inú ilẹ̀.

Iyọ̀ tí a ń fojú rí ṣì nìyẹn. Èyí tó fara pamọ́ ló ń dùn mí. Mágí dé, ó gba àyè irú nínú ìkòkò. Indómì tẹ̀ lé e. Iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì Agége. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí, síbẹ̀ ẹni tó ti fọ́ mẹ́ta sínú ọbẹ̀ yóò tún bu iyọ̀ lé e.

Iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra. Bó bá pọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ á kún iṣan ju bó ṣe yẹ lọ, ọkàn á sì máa fi agbára tì í; ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Kíndìnrín ló yẹ kó tọ èyí tó ṣẹ́kù dànù, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, agbára rẹ̀ ń dín kù. Bó bá pẹ́, iṣan á le. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan, ti mágí àti búrẹ́dì wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan ní àdámọ́ èèyàn dúdú ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò gbà. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà wà nínú rẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, àgbàlagbà 16 nínú 100 ló ní in. Ní Caribbean, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni wọ́n, oúnjẹ àti ìsanra wọn ló yàtọ̀.

Irú, edé àti ìyèré ni mo ń bẹ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n padà sí. Irú wooro nìkan ni kí wọ́n ṣọ́: àwọn kan ń fi iyọ̀ pa á mọ́ kó má bàa bàjẹ́, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàn án dáadáa.